Ṣé O Tọ́ Ọ Wò?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́nu géètì wa. Ọmọkùnrin kan wọlé síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ẹ fún mi ní Omo." Ìyá tó ń tajà bi í pé, "Omo wo?" Ó ní, "Omo Ariel." Ìyá gbé e fún un, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo dúró tí mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ọjà méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn du oníbàárà tẹ́lẹ̀, a ti sọ ọ̀kan di orúkọ ìdílé fún èkejì! Bẹ́ẹ̀ náà ni Maggi, bẹ́ẹ̀ náà ni Indomie. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan sọ ọjà tirẹ̀ ni. Àwa la sọ ọ́ di orúkọ gbogbo irú rẹ̀.

N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni o. Gbogbo èdè ló ń yá ọ̀rọ̀ lò. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọ̀nà tí àwọn orúkọ yìí gbà wọ ẹnu wa. Kì í ṣe olùkọ́ ló kọ́ wa. Ní 1859 ni Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta. Ní 1959, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 2001, GSM dé, ìpolówó ọjà sì bá wa wọ inú àpò ṣòkòtò. Ọjọ́ ń lọ, ẹ̀rọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tajà fún ìyá wa ṣì ń wá ẹnu tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, ọkùnrin kan gbọ́ ewì tí mo ké níbi ọjọ́ àṣà ẹ̀ka wa. Ó ń bá àwọn tó ń ta àgbo inú ìgò ṣiṣẹ́. Ó fún mi ní ìwé kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ó ní òun kò fẹ́ kí n kàn túmọ̀ rẹ̀, òun fẹ́ kó dà bíi pé ìyá àgbà kan ló ń sọ ọ́ nínú yàrá rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lowó iṣẹ́. Ẹ wo owó yẹn lójú ẹni tó ti ń mu gààrí sùn láti ọjọ́ mẹ́ta!

Mo jókòó ti ìwé, ọ̀rọ̀ kò wá. Ni mo bá rántí Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìwó. Bí Màmá bá jí láàárọ̀, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á máa ra orúnkún, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ kékeré: "Ẹsẹ̀ mi, jọ̀ọ́ dìde. Ojúmọ́ ti mọ́, èmi pẹ̀lú rẹ ṣì níbi tí à ń lọ." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, mo fi orúkọ àgbo tì í nídìí. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní ó ń wo orúnkún, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo kọ gbogbo rẹ̀ láìbéèrè. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti wà lórí rédíò.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo bá ìgò mẹ́ta lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Màmá. Méjì ti ṣófo.

"Àkànní," wọ́n ní, "ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yẹn mọ̀ mí. Ohun tí mò ń bá ẹsẹ̀ mi sọ ló ń sọ. Ẹni tó mọ ìrora mi tó báyẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ oògùn rẹ̀."

Mo bi wọ́n pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́.

"Mo ti pa á tì. Ṣebí èyí ń wo ìyẹn náà?"

Ẹnu mi wúwo, n kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá sọ. Ọ̀la di ọ̀tunla. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá ṣubú sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ wọn ti wọ 210. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kó ba ọpọlọ jẹ́.

Ọjọ́ kẹrin níbẹ̀ ni mo tó jẹ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo rò pé wọ́n á sunkún tàbí kí wọ́n lé mi jáde. Wọ́n kàn wò mí.

"Ṣé o tọ́ ọ wò?"

"Rárá, Màmá."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kiri ẹ̀kọ dé Odò Orí. N kò ké 'ẹ̀kọ gbígbóná' rí kí n má tíì tọ́ ọ wò. Tó bá tutù, ilé tí mo ti tà á náà ni wọ́n á ti pè mí padà." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé lítíréṣọ̀ alohùn ni ìpolówó ọjà. Mo ti fi àwítúnwí inú rẹ̀ gba máàkì. Ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé ẹni tó ń kiri a máa gbé ojú rẹ̀ tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Rédíò gba ohùn, ó fi ojú sílẹ̀. Ní 2022, ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, kéde pé a kò gbọdọ̀ lo ohùn àjèjì nínú ìpolówó ní Nàìjíríà mọ́. Ó dára. Àmọ́ ohùn tèmi kì í ṣe ohùn àjèjì. Àjèjì kò lè tan Màmá jẹ. Ọmọ inú ilé nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tó lè ṣe é.

Ọkùnrin yẹn tún pè mí lóṣù tó kọjá. Ọṣẹ tó ń bóra ni lọ́tẹ̀ yìí, owó náà sì ti lé sí i. Mo jẹ gbèsè, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ní kó fi ọṣẹ náà ránṣẹ́ kí n fi wẹ̀ fún oṣù kan ná. Kò pè mí padà.

Màmá ti padà sídìí oògùn wọn. Wọ́n ṣì ń ra orúnkún láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà nílé, wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́.