Ẹ Yí Láptọ́ọ̀pù Náà Dojú Bolẹ̀

Àwòrán kan náà ló sábà máa ń wà lára ògiri kíláàsì kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà: móníítọ̀ lórí tábìlì, àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù níwájú, máòsì lápá ọ̀tún. Wọ́n á kọ "CPU" sára àpótí náà, ọmọ á há a sórí, á gba máàkì tó jọjú. Gbé láptọ́ọ̀pù síwájú ọmọ yẹn kan náà, kí o ní kó fi CPU hàn ọ́. Á wá a títí, kò ní rí i. Àpótí kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ CPU gan-an, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, pẹlẹbẹ kékeré kan ni lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ojú kì í tó o àfi téèyàn bá tú ẹ̀rọ. Èmi kì í fi àwòrán yẹn kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní Tudun Wada, nílùú Sókótó, ìyá aláṣọ kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ra láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ ṣe JAMB. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù sì ń ba ìyá náà. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ, kó má lọ máa wò bọ̀ọ̀ níwájú ẹ̀rọ wọn." Mo pa ẹ̀rọ náà, mo yọ ṣájà, mo yí i dojú bolẹ̀. Ọmọ náà wò mí. "Bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ la fẹ́ kọ́?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Sókótó kì í ṣe Ìbàdàn. Lóṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán níbí máa ń kọjá 40°C. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku Sàhárà kì í yọ ilé kankan sílẹ̀. Abẹ́ láptọ́ọ̀pù ni ihò tí fáànù fi ń fa atẹ́gùn sábà máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ló ń gbà fẹ́ ooru jáde. Ẹni tó bá gbé e lé bẹ́ẹ̀dì ti dí ihò náà nìyẹn. Nígbà tí a tú àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké rẹ̀, a bá eruku pupa tó dì sáàárín fáànù àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní kí ọmọ náà fi ìka kan di fáànù mú kó má baà yí, kó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Ó gbá, ó gbá, eruku bo ojú ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sábẹ́. CPU tó bá gbóná jù máa ń dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná, àwọn èèyàn á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí mo ń gbọ́ nílùú yìí, eruku ni.

Bátìrì ló tẹ̀ lé e. Ní 1981 tí Osborne 1 jáde ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ṣeé gbé kiri ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 11, kò sì ní bátìrì nínú. Irú bátìrì lithium-ion tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991 ló wà nínú tiwa báyìí, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ti ṣájà, volt 230 ni iná ara ògiri. Ṣájà á sọ ọ́ di bíi 19 kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Pé ẹnu ṣájà kan wọ ihò rẹ̀ kò ní kó jẹ́ ṣájà rẹ̀.

Ibi RAM àti dísìkì ló le jù, nítorí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń da méjèèjì pọ̀. Ìyá aláṣọ ló là á yé wa: "Ṣé pé dísìkì ni àpótí aṣọ mi, RAM sì ni ẹní tí mo ń tẹ́ ẹ sí fún oníbàárà?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá. Ohun tó wà lórí ẹní lọwọ́ ń yára tó. Bí ẹní bá kéré, ẹ ó máa ká aṣọ kan kẹ́ ẹ tó tẹ́ òmíràn. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ, ohun tó wà nínú RAM ti lọ, ti dísìkì ṣì wà níbẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù kò pẹ́ wa. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ló tó fún JAMB: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi ìwé sílẹ̀, R láti padà sẹ́nu ìdánwò bó bá ṣèèṣì tẹ S. Ọmọ tí máòsì ń bà lẹ́rù lè má fọwọ́ kàn án rárá.

Bí skrínì bá fọ́, wọ́n ń ta òmíràn. Kíbọ́ọ̀dù, bátìrì, RAM, fáànù, gbogbo wọn ló lówó tí wọ́n ń dá lé. Ohun tí ẹ kọ sínú dísìkì nìkan ni kò sí lọ́jà. Ẹ̀yin òbí tó ń ra láptọ́ọ̀pù fọ́mọ, kẹ́ ẹ tó ra báàgì rẹ̀, ẹ ra flash kan, kẹ́ ẹ sì rí i pé ọmọ ń da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.