Bí Mo Ṣe Rí Bàbá Àgbà Nínú Ìwé Tẹlifóònù

Nílé wa, bí ọdún bá ti dé, ìjà kan náà ni bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin máa ń jà. Bàbá mi á ní Sókótó níbí ni Bàbá Àgbà ti ta agogo. Ẹ̀gbọ́n wọn á ní rárá o, Gusau ni. Àwọn méjèèjì ò dé ibẹ̀ rí, torí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi wọ́n sí kí wọ́n lè kàwé. Bàbá Àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Màmá Àgbà wà láyé, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Nígbà mìíràn orúkọ bàbá mi ni wọ́n fi ń pè mí. Ẹ̀rù bà mí pé tá ò bá tètè wádìí, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní Yorùbá ní ìwé tẹlifóònù àtijọ́ kan. Wọ́n ní kí GSM tó dé lọ́dún 2001, inú irú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń wá nọ́ńbà èèyàn, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì. Wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́: lọ́dún 1920, Allister Macmillan tẹ The Red Book of West Africa, ó kó àwòrán àti ìtàn àwọn oníṣòwò sínú rẹ̀, títí kan àwọn ti Èkó.

Iwájú ìwé ọ̀gá wa ti ya, a ò rí ọdún rẹ̀. Wọ́n wá kọ́ wa ní ọgbọ́n kan. Orúkọ NITEL wà nínú rẹ̀, ọdún 1985 ni wọ́n dá NITEL sílẹ̀. Birnin Kebbi ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Sókótó, bẹ́ẹ̀ ọdún 1991 ni wọ́n gé Kebbi kúrò. Àárín ọdún méjèèjì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Gusau náà wà níbẹ̀, torí Zamfara ò tíì dá dúró títí di 1996.

Mo wá orúkọ ìdílé wa ní Sókótó, kò sí. Mo wá a ní Gusau, kò sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Mo bá ní kí wọ́n bá mi pe Màmá Àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún? Mai Agogo ni wọ́n ń pè é!" Ṣé ẹ rí i, agogo ni Hausa náà ń pe agogo.

Mo ṣí ibi A. "Agogo, Mai", títì Emir Yahaya, Sókótó! P.O. Box rẹ̀ bá èyí tó wà lára àpò lẹ́tà kan tí bàbá mi tọ́jú mu. Omi ti pa orúkọ ìlú rẹ́ lára àpò yẹn, nọ́ńbà nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, bàbá mi gbà mí láyè, a jọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń ta ṣájà fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. A bi bàbá arúgbó kan tó ń ta fìlà. Wọ́n ronú, wọ́n ní, "Mai Agogo? Mijin Iya mai koko!" Ìyẹn ni pé, ọkọ Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ mímu! Wọ́n ní Ìyá máa ń bu ẹ̀kọ fún ọmọ tí kò lówó. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ìyá wọn ta ẹ̀kọ rí.

Mo padà wo ìwé náà. Kò sí Màmá Àgbà níbẹ̀, torí ẹni tó ní tẹlifóònù nìkan ni wọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn ni èèyàn kọ́kọ́ rántí.

Nígbà tí a sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n ní a ò tíì wá ti Gusau dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ wá àwọn ìwé àtijọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ tètè bi àwọn àgbà yín léèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.