Ìrìn Kúkúrú sí Orí Òkè Pàtí: Ǹjẹ́ Ó Tó Ohun tí À Ń Pè ní Ìrìn?

  

Bí ènìyàn bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe mú gègé láti kọ ìwé yìí. Ní ìpàdé wa ti oṣù tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa dábàá pé kí ẹgbẹ́ máa kó àwọn ọmọ wa gun Òkè Pàtí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èmi ni mo dìde, tí mo sì wí pé, “Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìlọrin dé Lọ́kọ́jà, kí ni yóò máa wá lórí òkè ẹ̀yìnkùlé?” Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú àwọn ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ìgbéraga náà ti wá. Ní oṣù January ọdún 2010, nígbà tí n kò ì tíì rí iṣẹ́ rélùwéè, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan di ẹrù wa, a sì gba ojú ọ̀nà. Baba àgbà mi ni ó fà á. Oníṣòwò obì ni baba náà nígbà èwe rẹ̀. Orí ni ó fi ń ru obì lọ sí ọjà òkè Ọya, kò sì sí alẹ́ tí kì í sọ ọ́ fún wa. Mo fẹ́ mọ bí ó ti rí lára.

A gba Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ́, Ìsánlú, Mọpà àti Kàbbà, a kọjá Ọ̀bàjànà, ọjọ́ mẹ́wàá ni ó sì gbà wá. Ọ̀nà náà ju 200 kìlómítà lọ dáadáa. Gààrí, kúlíkúlí, aṣọ ìbora kọ̀ọ̀kan àti tọ́ọ̀ṣì kan ni ẹrù wa. Ọyẹ́ ń mú, ètè wa là. Ní ọjọ́ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ mi lé ròrò tó bẹ́ẹ̀ tí omijé bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ karùn-ún ni ara ti gbà á. Ìlú tí a bá dé nírọ̀lẹ́, a ó wá àgbà kan kí, wọn ó sì fi ibi ìsùn hàn wá. Ní ilẹ̀ àwọn ará wa tí ń kíni pé “Òkun o”, ìyá arúgbó kan gbé omi gbígbóná fún wa láti fi wẹ ẹsẹ̀, kò sì béèrè orúkọ wa títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò lè gbàgbé ìyá náà láéláé.

Láti ìgbà náà, ìrìn kúkúrú kò wù mí mọ́. Bí ẹnìkan bá ní kí a rìn dé etí odò, n ó wò ó bí ẹni tí ó fi àkàrà kan lọ ẹni tí ó ti jẹ odidi iyán. Àbúrò mi kan tí ó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail, tí ó gùn ju 3,500 kìlómítà lọ, tí ènìyàn a máa rìn ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sí méje. Ó ní àwọn mìíràn tí wọ́n bá rìn ín tán, bí wọ́n bá padà délé, òkè tí ó wà nítòsí wọn kì í jọ wọ́n lójú mọ́. Mo wá mọ̀ pé àìsàn mi kì í ṣe tèmi nìkan.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó tì mí. Ó ní, “Bàbá, mo ti gbọ́ ìtàn ìrìn yín láti Ìlọrin, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n n kò tíì bá yín rìn rí, àfi láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọ̀kadà.” Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní aya nílé mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Ajáòkúta. A kúrò nílé ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ pẹ̀lú omi, búrẹ́dì àti ọsàn. Ọ̀nà ọlọ́dà tí mọ́tò ń gbà gun òkè náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni a gbà lọ. Ní wákàtí àkọ́kọ́, mo ń yára bí ẹni tí ó ń sáré bá ọkọ̀ ojú irin, nítorí mo fẹ́ fi han ọmọ náà pé òkè yìí kò tó nǹkan. Òun kò yára. Ó ń dúró ti èèrà, ó ń dúró ti òkúta pupa tí ó dà bí irin. Mo ní kí ó má fi àkókò ṣòfò. Ó béèrè pé, “Ṣé a ní ibi tí à ń lọ lẹ́yìn òkè ni?” N kò rí ìdáhùn.

Níbi ìsinmi kejì ni a pàdé ìyá kan tí ó ru igi ìdáná ń sọ̀ bọ̀. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni. Yorùbá ni èdè wọn, bí ó tilẹ̀ ní ohùn tirẹ̀. A kí i, ó sì kí wa. Ó béèrè ohun tí à ń wá lókè. Mo ní a kàn fẹ́ rìn ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ sọ nǹkan nù síbẹ̀ ni?” Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún wa pé òun ń gun òkè náà ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí òun ti jẹ́ ọmọge. Mo ṣírò rẹ̀ nínú mi bí akọ̀wé ti ń ṣírò owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá yìí ti rìn ju láti Ìlọrin dé Lọ́kọ́jà lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lórí òkè kan ṣoṣo, kò sì dìde ní ìpàdé kankan láti fi yangàn.

Agogo mẹ́jọ kò tíì lù nígbà tí a dé òkè. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọpọ́n. Ó ga ju 400 mítà lọ sí ìpele òkun. Igi oṣè ńlá wà níbẹ̀, àti ilé ìsinmi tí Lugard lò nígbà ayé rẹ̀, àti àwọn òpó gíga ti tẹlifóònù. Ní ìsàlẹ̀ ni odò méjèèjì wà. Odò Ọya ń ti apá kan bọ̀, Bẹ́núé ń ti apá kejì bọ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé, wọn kò dàpọ̀ lójú kan náà: àwọ̀ wọn yàtọ̀, wọ́n sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ bí àlejò méjì tí kò tíì mọra.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo dé Lọ́kọ́jà ní ọdún 2010, n kò rí odò yìí. Ẹsẹ̀ ń ro mí, oorun ń kùn mí. Mo sùn fún ọjọ́ méjì, mo sì wọ mọ́tò padà sílé. Mo ti rìn wá sí ìlú yìí, n kò sì wò ó. A máa ń wí pé arìnjìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ lè wà ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú kí ó sì rẹ ènìyàn jù láti gbójú sókè.

Mo sọ ìtàn díẹ̀ fún ọmọ mi. Mo sọ nípa Richard Lander. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Clapperton, kú ní Sókótó ní ọdún 1827, ó padà gba orí ilẹ̀ títí dé Àgbádárìgì, ẹni ọdún 23 sì ni nígbà náà. Ní ọdún 1830, òun àti àbúrò rẹ̀ padà wá, wọ́n rìn dé Bùsà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí Ọya, wọ́n kọjá níbí lóṣù October. Mo fi apá kejì odò hàn án níbi tí Gbẹ̀bẹ wà. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní ọdún 1857. Ó ti kọ́kọ́ bá àwọn òyìnbó wá sí agbègbè yìí ní ọdún 1841, nígbà tí wọ́n dá oko kan sílẹ̀ nítòsí òkè yìí. Ibà pa ju 40 òyìnbó lọ nínú wọn, oko náà kò sì pé ọdún kan kí wọ́n tó pa á tì. Ọmọ mi béèrè pé, “Crowther tí ó túmọ̀ Bíbélì?” Mo ní òun náà ni, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ bíi tiwa. Ó dákẹ́, ó ń wo odò náà pẹ́.

Àwọn ènìyàn a máa sọ lórí òkè yìí pé ibẹ̀ ni Flora Shaw jókòó sí tí ó fi sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni orúkọ náà ti jáde láti ọwọ́ rẹ̀, ní 8 January 1897, ọdún márùn-ún kí ó tó fẹ́ Lugard. Ohun tí ó dájú ni pé ní 1 January 1900, Lọ́kọ́jà ni Lugard ti fa àsíá ìjọba òyìnbó sókè fún ilẹ̀ Àríwá.

Láti ibẹ̀ náà ni mo ti fi ibi tí omi bò ní ọdún 2012 àti 2022 hàn án, nígbà tí ọ̀nà Àbújá gé, tí àwọn ará wa kan sì sá wá sùn lọ́dọ̀ wa. Láti ìsàlẹ̀, omi nìkan ni a rí nígbà náà. Láti òkè ni mo ti lóye ìdí rẹ̀: odò ńlá méjì ni ó ń pàdé, àárín òkè àti odò sì ni ìlú wà, kò sí ibi tí yóò yẹ̀ sí.

Ǹjẹ́ ìrìn kúkúrú tó ìrìn bí? N kò ní pa irọ́. Kò lè fún ni ní ohun tí ìrìn jíjìn ń fún ni. Kò sí ìyá arúgbó tí yóò gbé omi gbígbóná fún yín ní ìrìn wákàtí mẹ́rin. Kò sí ọjọ́ karùn-ún tí ara yóò gbà á. Ẹni tí ó bá ń wá ìyẹn lórí Òkè Pàtí yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ mi, ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Itakpe dé Warri àti ẹni tí ó ra ti ibùdó kan ṣoṣo, èrò ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì. N kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni ibùdó kan pé kí ni ìdí tí kò fi lọ jìnnà. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ wà. Ẹ sì wo ayé òde òní: ta ni yóò tún fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà tí a gbà nígbà náà, tí àwọn ajínigbé ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀nà jẹ́? Bí mo bá ní ìrìn jíjìn nìkan ni ìrìn, ọmọ mi kò ní rìn rárá.

Ohun kan kù. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ rìn, ọ̀kadà gbá a ní ọdún 2016, ọ̀pá ni ó fi ń rìn báyìí ní Ìlọrin. Ìpinnu wa ni pé a ó tún fi ẹsẹ̀ lọ láti Lọ́kọ́jà dé Ìdàh lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, mo rò pé kò sí ohun tí a tún lè jọ ṣe, mo sì jẹ́ kí ọdún máa gorí ọdún láìwò ó. Ẹ̀sùn ni mo fi ń kan ara mi yìí. Lẹ́yìn tí èmi àti ọmọ mi ti òkè dé, mo pè é, ó sì wọ mọ́tò wá. A rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ìlú, a dúró níbi Irin Òmìnira, òpó irin méjì tí ó sàmì sí ibi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀, a sì dé etí odò. Kò tó kìlómítà méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a sì sinmi. Nígbà tí a jókòó, ó ní, “Láti Ìlọrin dé ibí lọ́jọ́sí, ẹ̀yìn rẹ ni mo ń wò. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú rẹ nígbà tí a ń rìn.”

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ tún àbá àwọn ọ̀dọ́ gbé wá sí ìpàdé. Èmi yóò dìde, n ó sì tì í lẹ́yìn. Kí a máa tètè lọ kí oòrùn tó mú, kí omi pọ̀, kí a béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá lọ, kí a sì di ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ mú níbi etí òkè. Àwọn àgbà tí òkè bá wú lórí, ọ̀nà ọlọ́dà wà fún mọ́tò.

Ìròyìn ilé: A bá akápò wa yọ̀, ìyàwó rẹ̀ sọ̀ láyọ̀, ó bí ìbejì, ọkùnrin àti obìnrin. A bá ìdílé ìyá ẹgbẹ́ wa kẹ́dùn lórí ikú bàbá wọn ní Ọ̀ffà. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọbìnrin mi ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ti gun Òkè Pàtí ní ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí, àti pé bàbá òun ni ó ń kẹ́yìn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Rélùwéè, Lọ́kọ́jà.