Ta Ni Ó Ni Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: kọmíṣánnà. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣì mí lọ́nà rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọlọ́pàá mú àbúrò mi ní Èkó, wọ́n ní ó dúró níbi tí àwọn kan ti ń jà. Mo sáré dé àgọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì tó wà ní káńtà ń béèrè owó. Inú bí mi. Mo ní n ó kọ̀wé sí gómìnà, ṣebí òun ló ń yan àwọn kọmíṣánnà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín: "Alàgbà, kọmíṣánnà tiwa kọ́ nìyẹn o. Àbújá ni tiwa ti wá."

Òótọ́ ló sọ. Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlera, ti gómìnà ni. Ti ọlọ́pàá, tó fi Ìkẹjà ṣe ibùjókòó, abẹ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ní Àbújá ló wà. Ọ̀gá tó ń mójú tó Èkó pẹ̀lú Ògùn láti Oníkàn sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Lábẹ́ kọmíṣánnà ni àwọn ọ̀gá ẹ́ríà wà, lẹ́yìn wọn ni DPO, olórí àgọ́ kọ̀ọ̀kan.

Òfin ọdún 1999, ní abala 215, gba gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣánnà nípa ààbò ìlú, àmọ́ ó gba kọmíṣánnà náà láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi Ààrẹ. Bẹ́ẹ̀, láti 2007 ni ìjọba Èkó ti dá àpò owó ààbò sílẹ̀, tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá yìí kan náà. Ẹni tó ra ẹṣin kọ́ ló mú ìjánu dání! Ní New York, olórí ìlú ló ń yan kọmíṣánnà ọlọ́pàá, òun náà ló sì lè yọ ọ́; kò tilẹ̀ pọn dandan kí ẹni náà ti ṣe ọlọ́pàá rí.

Sájẹ́ǹtì kò mọ̀ pé ẹ̀rín òun ti là mí lójú. Mo fi gómìnà sílẹ̀, mo ní DPO ni mo fẹ́ rí. Orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó dé, ó ka ìwé àbúrò mi, ó sì béèrè ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an. Sájẹ́ǹtì kò rí èsì fọ̀. A lọ sílé láìsan kọ́bọ̀.