Nígbà tí Òkè Bá Ní Ká Dúró

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń gun òkè ni mo mú wá lọ́dún yìí. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi mí pé kí ló kan wa nínú òkè oníyìnyín. Ẹ ó rí i níwájú.

Àwa ará Jọ́ọ̀sì a máa fọ́nnu pé a mọ òtútù. Bí ọyẹ́ bá mú, tí ètè bẹ́, tí a wọ súwẹ́tà méjì léra wọn, a ó ní kò sí irú rẹ̀ mọ́. Eré ọmọdé ni tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Everest. Òkè náà wà láàárín Nepal àti Tibet, gíga rẹ̀ lé ní mítà 8,848. Jọ́ọ̀sì tiwa kò ju nǹkan bí 1,200 lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún ló ń sanwó fún amọ̀nà. Ní 1996, 65,000 dọ́là ni ilé iṣẹ́ Rob Hall, ọmọ New Zealand, ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ lè rò pé ojoojúmọ́ ni òun yóò máa gòkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn a gòkè díẹ̀, wọn a tún sọ̀ kalẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ lè mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn náà, wọn a jókòó sínú àgọ́ ní ibùdó ìsàlẹ̀, tó ga ju mítà 5,300, wọn a máa retí. Ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń retí, nígbà tí ẹ̀fúùfù líle tí ń fẹ́ lókè sánmà bá kúrò lórí òkè náà, kí òjò ńlá ilẹ̀ Éṣíà tó dé. Wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń wúkọ́, oúnjẹ kì í fẹ́ wọlé. Ní àwọn ibùdó òkè, omi mímu pàápàá, yìnyín ni wọn yóò yọ́ lórí sítóòfù.

Ṣùgbọ́n ìdúró ju ìdúró lọ. South Col, tó súnmọ́ mítà 8,000, kì í ṣe ibi tí a ń pẹ́ sí. Ara kì í sàn níbẹ̀, ṣe ló ń jẹ ara rẹ̀, ọ́síjìn inú ìgò sì níye. Ní 1953, ẹ̀fúùfù dá Hillary àti Tenzing Norgay dúró níbẹ̀, wọ́n fara dà á nínú àgọ́ títí ó fi rọlẹ̀. Ní 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n dé ṣóńṣó.

Ní 10 oṣù Karùn-ún 1996, ọ̀wọ́ Rob Hall àti ti Scott Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ pé bí aago kan, ó pẹ́ tán aago méjì ọ̀sán bá lù, kí ẹni tí kò tí ì dé òkè yí padà. Èrò pọ̀, wọn kò tí ì so okùn láwọn ibì kan, ọ̀pọ̀ sì dé òkè lẹ́yìn aago méjì. Doug Hansen, oníbàárà Hall tó ti yí padà nítòsí ṣóńṣó ní 1995, ti kọjá aago mẹ́rin kó tó dé. Ìjì dé bá wọn. Èèyàn mẹ́jọ ló kú lórí òkè náà nínú ìjì yẹn, àwọn olórí méjèèjì sì wà nínú wọn.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni àwọn David Breashears, tí wọ́n lọ ya fíìmù. Wọ́n ti dé ibùdó kẹta ṣáájú, wọ́n wo ojú ọjọ́, kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ ń sọ̀, àwọn yòókù ń gòkè, ẹ ń kí ara yín lójú ọ̀nà. Ẹni tí ń sọ̀ ni yóò dà bí ojo. (Èmi náà gun òkè Shere rí, nígbà tí a lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Man O' War. Mọ̀nàmọ́ná bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, olùkọ́ wa dá gbogbo wa padà, a sì bínú sí i títí di alẹ́.) Nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, àwọn Breashears ní kí àwọn tó wà nínú ewu lo ọ́síjìn tí àwọn ti kó pamọ́ sí South Col. 23 oṣù náà ni àwọn náà wá dé orí òkè, Jamling, ọmọ Tenzing Norgay, sì wà láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí rèé. Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó wà ní London tẹ̀ mí láago. "Bàbá Jọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ sà. Kilimanjaro ni mo fẹ́ lọ gùn." Òkè ilẹ̀ Tanzania nìyẹn, mítà 5,895. Mo ní, "Ṣé òtútù London kò tó ọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti sanwó fún amọ̀nà, ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì fún un. Mo bi í pé, bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ ńkọ́? Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ sà, wọ́n ní ìlànà." Mo ní ìlànà wà ní 1996 náà.

N kò bá a jà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì kì í ṣe ẹni tí a ń dè mọ́lẹ̀. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọjọ́ díẹ̀ kún ìrìn àjò náà, kí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù má baà máa lé e gun òkè. Kó sì bi amọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n tó gbéra, aago mélòó ni yóò dá wọn padà. Ó gbà.

Mo tún pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti fi ọjọ́ méjì kún un. Ti aago ni kò tí ì bèèrè. Ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò tí ì gbọ́ rárá. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ fún un, èmi náà sì ń wá ọ̀nà tí n óò gbà là á.