Ọkọ̀ Bàbá Mi Ń Ké Bí Eku

Ìtìjú díẹ̀ wà fún mi nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ màá sọ ọ́, torí irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Bàbá mi ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Ata àti tòmátò ni wọ́n fi ń kó. Tí àwọn trélà láti òkè Ọya bá já ẹrù sílẹ̀ ní ọjà Mile 12, bàbá mi á to apẹ̀rẹ̀ àwọn oníbàárà wọn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á kó o lọ fún wọn ní Ògùdù, Ọjọ́ta àti Maryland kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Tuntun la ra ọkọ̀ yìí, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi wà ló yá wa lówó, oṣooṣù la sì ń san án padà.

Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kó tó yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa ní Ìkòsí lẹ ti máa gbọ́ ọ. Àwọn ọmọdé á ní, “Ọkọ̀ eku ti dé o!” Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Mẹkáníìkì pọ̀ ní Kétu lóòótọ́, àmọ́ ìwé wọ́ránti wà lọ́wọ́ wa. Ó wà nínú ìwé náà pé tí ẹlòmíì bá fọwọ́ kan ọkọ̀ kí ọdún méjì tó pé, wọ́ránti ti parí nìyẹn. Torí náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ta ọkọ̀ fún wa la gbọ́dọ̀ lọ.

Àsìkò ìsinmi àárín sáà ni. Bàbá mi ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ, torí gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní káńtà ibẹ̀. Inú mi dùn, mo wọ aṣọ tó dáa. Bàbá mi ṣàlàyé fún mi níwájú arákùnrin tó ń kọ̀wé níbẹ̀ pé: “Sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ló ti ń ké, lọ́wọ́ ọ̀tún. Kì í dún gbì-gbì, kì í sì í dún jangan-jangan. Ó ń ké hín-ín hín-ín bí eku tó há sínú tákúté. Ìgbà tí ẹrù bá wà nínú ẹ̀ nìkan ló ń ké. Tójò bá sì rọ̀, kì í ké rárá.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Sir, the truck is making noise.”

Ó tán! Ojú ń tì mí láti máa sọ “hín-ín hín-ín” níwájú ẹni tó de táì. Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Arákùnrin náà kọ “noise” sílẹ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ náà lófìfo yípo ọgbà wọn tó mọ́ tónítóní, tí kò ní kòtò kankan. Wọ́n ní, “Daddy, a ò gbọ́ nǹkan kan o.” Wọ́n fi gíríìsì ra abẹ́ ẹ̀ díẹ̀, a padà sílé. Lọ́jọ́ kẹta, eku ti dé.

A tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì iwájú ló ń pariwo. Wọ́n ní wọ́ránti ò bo ṣọ́ọ̀kì, pé àwa la máa sanwó ẹ̀. Owó tó yẹ ká fi san gbèsè oṣù yẹn ni bàbá mi kà sílẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé Alápẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ti ń ké. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bi mí pé, “Ọmọ mi, kí lo ń sọ fún wọn gan-an?”

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun márùn-ún ni bàbá mi ní kí n sọ: ibi tó ti ń ké, ẹ̀gbẹ́ tó wà, bó ṣe ń dún, ìgbà tó ń ké àti ìgbà tí kì í ké. Mo kó márààrún dà nù, mo fi “noise” rọ́pò wọn. Owó ṣọ́ọ̀kì yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi ẹ̀, ó kéré tán ìdajì. Mo jẹ́wọ́ fún wọn nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Wọn ò lù mí, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, “Ó dáa. Ra ìwé kan.”

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tí bàbá mi bá ti dé, màá bi wọ́n léèrè, màá kọ ọjọ́, iye apẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà àti bó ṣe dún. Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ bá bàbá mẹkáníìkì àgbà kan ní Òwódé Onírin. Wọn ò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà nítorí wọ́ránti, wọ́n kàn tẹ́tí sí àlàyé bàbá mi ni. Wọ́n ní, “Tó bá dún gbì-gbì, nǹkan kan ti tú. Èyí tó ń ké bí eku, rọ́bà tó gbẹ ni. Ẹ lọ ra píọ́ wọ́tà.”

Ohun tí wọ́n ní ká ṣe nìyí. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù là ń pè ní sípíríǹgì. Níbi tí irin náà ti so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà róbótó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ búṣì. Tí ẹrù bá wọ ọkọ̀, sípíríǹgì á máa nà, á máa ká, búṣì á máa lọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Tí rọ́bà yẹn bá ti gbẹ tàbí tó ti jẹ, á máa ha irin, á máa ké. Omi máa ń jẹ́ kó yọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ké tójò bá rọ̀. A da omi sí búṣì kọ̀ọ̀kan, bàbá mi sì ń mi ọkọ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí omi kan èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá lọ́wọ́ ọ̀tún, ariwo dákẹ́ wẹ́lo. Bàbá àgbà náà tún kìlọ̀ fún wa pé ká má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i o, pé ó máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí a lọ, apẹ̀rẹ̀ tòmátò wà nínú ọkọ̀. Mo gbé ìwé mi lé orí káńtà, mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ariwo náà, mo ní, “Sir, it goes hín-ín hín-ín, like a rat.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. A bẹ mẹkáníìkì wọn kó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wa jáde sí títì. Kòtò àkọ́kọ́ tí a bọ́ sí, ó na ìka sẹ́yìn, ó ní, “Búṣì ni! Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà.

Wọ́n pààrọ̀ búṣì ẹ̀yìn méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́ránti bò ó. Owó ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ń wò ó. Títí di òní, wọ́n ṣì ń wò ó. Àmọ́ olùkọ́ Commerce wa ti sọ fún mi pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàyé ní èdè tó máa yé e, àti sí iṣẹ́ tó dáa. Ó ní a lè kọ̀wé sí àjọ FCCPC tàbí LASCOPA ti ìjọba Èkó. Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà náà. Mi ò ní gé e kúrú.

Àwọn àgbà máa ń ní kí eku ké bí eku, kí ẹyẹ ké bí ẹyẹ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí òbí yín bá rán yín lọ́rọ̀ sí ọ́fíìsì, bánkì tàbí ọsibítù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì yẹn lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ju ẹni tó jókòó ní káńtà lọ.

Ọkọ̀ wa ti dákẹ́ báyìí. Àwọn ọmọdé àdúgbò ò rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Màmá mi nìkan ló ń ráhùn, wọ́n ní àwọn ò mọ ìgbà tó yẹ káwọn gbé ọbẹ̀ kaná mọ́.