Gáńbíà: Ṣé Ẹyẹ ni, àbí Etíkun?

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹbí lọ sí Gáńbíà, ohun méjì ni wọ́n máa fi lọ̀ yín. Èkíní ni ìsinmi etíkun ní Kololi tàbí Kotu: gbogbo ẹgbẹ́ á jọ wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan, àwọn ọmọ á máa fi iyanrìn ṣeré. Èkejì ni ìrìn àjò wíwo ẹyẹ, tó ń gba odò Gáńbíà lọ sí Janjanbureh.

Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí ní orílẹ̀-èdè kékeré yìí lé ní 500. Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹrin, àwọn tó sá fún òtútù Yúróòpù náà máa ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwo ẹyẹ gba sùúrù: ẹ ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún 5 wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ má fi ẹyẹ sílẹ̀ pátápátá. Òwe igún kún ẹnu wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò rí igún rí. Wọ́n ti pa á fún oògùn títí ó fi di ọ̀wọ́n. Lágbègbè Kotu, igún ṣì wọ́pọ̀, ó tilẹ̀ ń bà sí ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí: bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún 10, ẹ sùn sí etíkun, kí ẹ ya àárọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ẹyẹ. Ẹ ó rí afinimọ̀nà gbà nítòsí afárá Kotu. Abuko, igbó tí ìjọba dá sí láti 1968, kò sì jìnnà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí igún, kó tó di ọ̀rọ̀ inú òwe lásán.